Ojú Ewé Kẹrìnlá

"Ta ni ọkùnrin tó wà lójú ewé kẹrìnlá yìí?"

Opó kan tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ lórí káńtà ilé ìtẹ̀wé, ó sì fi ìka gún fọ́tò kan nínú rẹ̀. Ìwé ìrántí ọkọ rẹ̀ ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, tí wọ́n dì sínú páálí mẹ́ta. Bàbá Ẹ̀rọ, tó ń tẹ nǹkan mìíràn lọ́wọ́, nawọ́ pa ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa ká bébà kó sì máa dì í, dáwọ́ dúró.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ọkùnrin náà. Òun gan-an ló dúró lódìkejì káńtà, orí kan náà, imú kan náà, àní ẹ̀wù kan náà, nítorí ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn ló tún wọ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Opó náà wo fọ́tò, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo fọ́tò.

"Ó jọ ẹ́," ló wí.

"Ó jọ mí díẹ̀, mà."

"Ṣé ìbejì rẹ ló kú ni?"

"Rárá, mà. Èmi náà ni."

"Ìwọ náà lo kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Olóògbé ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí níbi iṣẹ́, ó sì ti ń jẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́fà. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ àti fọ́tò sójú ewé lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀rọ. Ìwé ìrántí òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í ní ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rin mẹ́rin ni ojú ewé ń rìn, torí bí bébà ṣe ń ká nìyẹn. Bí ẹbí òkú bá kó ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, ẹni tó ń to ìwé gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí àlàfo ẹyọ kan tó kù ná, títí ẹbí yóò fi rí fọ́tò mìíràn mú wá. Ara rẹ̀ ni Olóògbé fi ń dí i. Ó ti ṣe ojú ewé kan sílẹ̀, fọ́tò rẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì máa ń pààrọ̀ irú ikú tó pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, ó kú síbi tó ti ń dúró de oníbàárà tó ní òun ti wà lọ́nà. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jìjàkadì, "ẹ̀rọ náà sì fara pa díẹ̀." Ìyá Ìbejì kì í tíì gbé báàgì sílẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé tí yóò ti sáré wá wo ikú tuntun. Bàbá Ẹ̀rọ, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, á jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á ní, "Kí ló tún pa á lọ́tẹ̀ yìí?"

Kí ìwé tó lọ sórí ẹ̀rọ, Olóògbé á yọ ara rẹ̀ kúrò. Ọdún mẹ́fà, kò gbàgbé rí. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló gbàgbé, níbi tó ti ń kánjú fi ìwé náà ránṣẹ́ kí Ìyá Ìbejì tó dé.

"Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yìí ńkọ́?" ni opó náà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Olóògbé tẹ̀ síwájú láti fi ikú tó pa á hàn án, kí obìnrin náà lè rí i pé àwàdà ni. Ti oníbàárà tó wà lọ́nà ló retí láti rí níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló wà níbẹ̀. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló rí kà:

*Ó rẹ̀ ẹ́.*

*Ó sinmi.*

Kó tó ka ìyókù, Ọ̀gá ti jáde láti inú yàrá onígíláàsì rẹ̀, ó sì ti já ìwé náà gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Obìnrin tó sanra, tó ń rìn kíákíá, tí kì í gbé ohùn sókè ni Ọ̀gá. Ó bẹ opó náà, ó tún un bẹ̀, ó ní ilẹ̀ kò ní ṣú kí wọ́n tó tẹ òmíràn fún un. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ kó páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, ó sì gé gbogbo ìwé náà wẹ́wẹ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Opó náà dúró wò ó. "Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀," ló wí. "Ká ní òun ló rí i ni, ì bá rẹ́rìn-ín títí wọn á fi gbé omi fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọmọ yìí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, Olóògbé ti jókòó sínú yàrá onígíláàsì.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, Ọ̀gá."

Ọ̀gá ń to àwọn bírò orí tábìlì rẹ̀, ó ń tò wọ́n, ó ń tú wọn ká. "Mi ò sọ pé ìwọ ni. Mi ò sì sọ pé ìwọ kọ́."

"Tèmi máa ń pani lẹ́rìn-ín, mà. Ẹ bi Ìyá Ìbejì."

"Mo mọ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibí." Ó gbé bírò kan, ó tún gbé e padà. "Lọ bá àwọn tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn. Èmi ni mo máa sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní ìwé pé ọkàn rẹ dá ṣáṣá, kí o padà wá. Títí di ọjọ́ Ẹtì ni mo lè dúró. Bó bá di ọjọ́ Ajé tí mi ò rí ìwé, mo ní láti wá ẹlòmíràn sórí àga rẹ. Iṣẹ́ kì í dúró deni."

"Àní ti òkú, mà?"

"Ti òkú gan-an ni kì í dúró."

Olóògbé fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú Ọ̀gá kò jọ ti ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀.

Kó tó délé, Ìyá Ìbejì ti fi fóònù sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi iyọ̀ sí i. Ìyàwó náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba báàgì rẹ̀, ó tú u wò.

"Dádì, ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa jẹ búrẹ́dì?"

"Jẹ́ kí n gé e fúnra mi. Ọ̀bẹ dà?"

"Ọ̀bẹ wo?"

"Ọ̀bẹ tá a fi ń gé búrẹ́dì."

"Mo ti gé e." Òótọ́ ni. Odindi búrẹ́dì náà ló ti gé sílẹ̀, wẹ́wẹ́ bí èyí tí wọ́n fẹ́ dà fún ẹyẹ. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí kò sí ní fáràńdà mọ́. Orí àga ni wọ́n sá aṣọ sí. Bẹ́líìtì rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀ ti di àwátì.

Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ máa sọ̀rọ̀ kí n máa gbọ́ yín."

"Kí ni kí n máa sọ?"

"Ohunkóhun."

Olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà láti orí oókan. Nígbà tó dé ogójì, ó dákẹ́ díẹ̀ kó lè fọ ojú tí ọṣẹ kún. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Ẹran inú àwo rẹ̀ kéré bí hóró àgbàdo, ṣíbí nìkan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí náà sókè wò.

"Ṣé o ò ní gba èyí náà? Èèyàn lè gbé ṣíbí mì."

Ó mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ kó tó jáde lẹ́nu òun tán. Ìyàwó rẹ̀ gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìdún rárá.

"Ẹ̀fẹ̀ ni," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń fi ẹ̀fẹ̀ yín rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ tí kò ní jẹ́ ẹ̀fẹ̀ mọ́?"

Ó fi ọwọ́ jẹun. Bó bá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Ó gbìyànjú láti wà láàárín méjèèjì, kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ láìsọ nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ní ìyẹn ló ń dẹ́rù ba òun jù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sílé ìwòsàn. Yàrá tóóró kan ni wọ́n mú un lọ, tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri ilé kejì. Àga méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì kan, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní òun kì í ṣe dókítà, pé iṣẹ́ òun ni kóun máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, Olóògbé sọ ọ́ ní Oníbèéèrè. Ó ro ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹrìnlá fún un tán kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

"Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ìgbà mélòó lẹ ronú nípa ikú? Kò ṣẹlẹ̀ rárá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí lójoojúmọ́?"

"Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

Oníbèéèrè kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ?"

"Mo kọ ọ́ pé ẹ pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín."

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Ẹ̀fẹ̀ ikú kì í ṣe àrùn. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ ó sá. Bí wọn ò bá sọ ọ́, wọn ò lè padà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀fẹ̀ yín kò bà mí lẹ́rù. Ibi tí ẹ̀fẹ̀ náà ti tán ló ń bà mí lẹ́rù. Ọdún mẹ́fà lẹ fi ń kú tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ẹ kú, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀. Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi kọ́."

"Ṣé ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Oníbàárà tó ní òun ti wà lọ́nà."

"Ta ló tún ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín?"

Olóògbé ronú. Bàbá Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Ìyá Ìbejì bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni bẹ̀rù ajá; ó ti búra fún un lórí fóònù, ó fi àwọn ìbejì búra. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. "Kò sẹ́ni," ló wí.

Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú pańpẹ́ tó wọ̀. Bó bá ní òun lòun kọ ọ́, ó fẹ́ kú. Bó bá ní òun kọ́, tí kò sì sí ẹlòmíràn, orí rẹ̀ ti yí. Ilẹ̀kùn méjì ló wà, ilé ìwòsàn kan náà ni méjèèjì ṣí sí.

Fóònù rẹ̀ dún kó tó dé títì. Ọ̀gá ni.

"Báwo ni? Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, mà. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀."

"Wọn ò ní kí o máa ṣe nǹkan kan?"

"Wọ́n ní kí n máa sùn lákòókò kan náà. Kí n máa rìn díẹ̀ láràárọ̀. Kí n wá ẹnì kan tí mo lè sọ òótọ́ fún."

"Rọra, rọra." Olóògbé ń gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń ha bébà. "Kí n rìn láràárọ̀. Ẹnì kan tí kí ni?"

"Tí mo lè sọ òótọ́ fún, mà."

"Bí kò bá sí ńkọ́?"

"Mà?"

"Mo ní bí èèyàn ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ìyàwó, Ọ̀gá."

Bírò Ọ̀gá tún ha bébà díẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n sọ bóyá ó máa ń lọ?"

"Kí ni, mà?"

"Àárẹ̀ náà."

"Mi ò bi wọ́n."

"Bi wọ́n," ni Ọ̀gá wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Olóògbé dúró létí títì, ojú tì í. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ pé ọkàn Ọ̀gá le bí òkúta. Wò ó bí obìnrin náà ṣe ń tọ́jú òun, tó ń kọ ohun tí wọ́n ní kóun ṣe sílẹ̀ bíi pé ọmọ rẹ̀ ni òun.

Ọjọ́rú ló burú jù. Ìyàwó rẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́. Ó ti fi fóònù sọ níbi tó ti ń ránṣọ pé ara òun kò yá, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń yán, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìwọ tó ń ṣọ́ mi yìí," ni Olóògbé bi í, "ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Èmi? Ṣé mo ráyè?"

Nígbà tó lọ gbé omi kaná, Olóògbé fa bébà kan yọ. Ó fẹ́ dán nǹkan wò. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ èèyàn bá ti kọ rí, ọwọ́ náà á mọ̀ ọ́n. Bó bá kọ ìlà méjì yẹn tí wọ́n sì le lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé wọn kì í ṣe tirẹ̀. Ó kọ ọ́: *Ó rẹ̀ ẹ́. Ó sinmi.* Kò le rárá. Ó rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bíi pé ó ti ń kọ ọ́ láti kékeré. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé ó ti rẹ òun náà nítòótọ́, kì í ṣe láti ọjọ́ Ajé. Ó ti pẹ́. Ẹ̀rù bà á ju ti gbogbo ọjọ́ tó kù lọ. Bóyá òun lòun kọ ọ́. Bóyá báyìí ló ṣe ń rí, kí ọwọ́ máa ṣe nǹkan kí orí má mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wọlé, ó rí bébà náà.

"Kì í ṣe ohun tí o rò," ni Olóògbé wí kíá.

"Kí ni mo rò?"

"Mo ń dán an wò ni."

Ife tíì náà bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Wọ́n jọ kúnlẹ̀ láti ṣa àfọ́kù rẹ̀, àmọ́ obìnrin náà kò jẹ́ kí Olóògbé fọwọ́ kan ọ̀kankan. Òun nìkan ló ṣà á tán, ó sì lọ dà á sínú garawa ìdọ̀tí ẹlòmíràn nísàlẹ̀ ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Olóògbé jókòó sínú yàrá tóóró náà, ó sì sọ ohun tó ti pinnu lójú ọ̀nà.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Oníbèéèrè wò ó. "Ṣé òótọ́ nìyẹn ni, àbí òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìwé gbà?"

"Èwo nínú méjèèjì lẹ ń fún ní ìwé?"

Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún pé òun rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè kọ ọ́ pé ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, torí kò sẹ́ni tí òun lè kọ ìyẹn fún, títí kan òun alára. Ohun tí òun lè kọ ni pé ó wà lábẹ́ ìtọ́jú, ó sì lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Apá kan wà níbẹ̀ tí Olóògbé gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ inú ojú ewé náà sí pátápátá, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí àwọn lè jọ máa wò ó lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ á buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, pé òun náà ti kà á.

"Mo máa ń wà níbí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, láti aago mẹ́wàá," ló wí. "Bí ẹ ò bá rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe lọ́nà, ẹ wá bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ó máa ń lọ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bi mí?"

"Ọ̀gá mi."

Oníbèéèrè gbé bírò, kò sì kọ nǹkan kan. "Ẹ sọ fún wọn pé ó máa ń fúyẹ́," ló wí, "bí èèyàn ò bá dá a gbé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, bí ẹni sin ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Bàbá Ẹ̀rọ kò pa ẹ̀rọ, ó kàn gbé ọwọ́ sókè.

"Olóògbé, o jíǹde?"

"Ọjọ́ kẹta kọjá, Bàbá. Ọ̀nà ló dí."

Ìyá Ìbejì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyẹn dun Olóògbé ju gbogbo ìgbà tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ti ń dúró dè é nínú yàrá onígíláàsì. Ó ti dá àyè sílẹ̀ lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ ti wú díẹ̀, ó sì fi àtíkè bò ó. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dá a padà.

"O gbà pé ìwọ lo kọ ọ́."

"Mo gbà, mà. Mo fẹ́ padà síbi iṣẹ́ mi."

"Ó dáa. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí n buwọ́ lù ú."

Olóògbé mú bírò. Ó kọ *Ó rẹ̀ ẹ́*, ó kọ *Ó sinmi*. Lẹ́yìn náà ló dúró.

"Ìyókù ńkọ́?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Mi ò rí ìyókù kà, mà. Ẹ gbà á kí n tó kà á. Kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́, mo wò ó kí n tó kúrò níbí lọ́jọ́ Ajé. Ìwé náà kò sì ku ẹyọ kan." Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kóun fi nǹkan kan parí rẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. "Bóyá kí n kàn wá ìlà kan tàbí méjì fi..."

"*Wọ́n ń kí i láràárọ̀,*" ni Ọ̀gá wí, "*ó sì ń dá wọn lóhùn.*"

Kò wo Olóògbé. Gíláàsì ló ń wò, àti ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Olóògbé kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun tí ọ̀gá bá pè ni òṣìṣẹ́ ń kọ.

"*Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohùn lásán ni.*"

Ó kọ ìyẹn náà. Ọ̀gá kò já gbólóhùn kankan, kò wá ọ̀rọ̀ kankan tì. Ohùn rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ń ka nǹkan tó ti kà fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

"*Ó fi òṣìṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, tí wọn kò tíì mọ̀ pé ó ti lọ.*"

Olóògbé kọ ọ́ dé *òṣìṣẹ́ mẹ́ta*, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Òun kò ní òṣìṣẹ́ kankan. Ó gbójú sókè. Lẹ́yìn gíláàsì, Bàbá Ẹ̀rọ ti tẹ orí sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tó ń ṣe é nínú. Ìyá Ìbejì ń ká bébà. Méjì nìyẹn. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti jókòó síbẹ̀ báyìí. Láti ọdún mẹ́fà.

"Ọjọ́ Àìkú ni," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo wá síbí lọ́jọ́ Àìkú, torí ibi tí mo lè lọ kò sí. Mo jókòó sórí àga rẹ. Mo ní kí n ka èyí tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, bóyá á pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Kò pa mí. Mo wá kọ tèmi lé e lórí. Mo fẹ́ pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí n tó dé, o ti fi ìwé ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí obìnrin yẹn béèrè ẹni tó ni fọ́tò..." Ó gbé bírò kan, ó gbé e sílẹ̀. "Fọ́tò rẹ ló wà níbẹ̀. Ó rọrùn."

Olóògbé wá ìbínú nínú ara rẹ̀, ó sì rí i, ó pọ̀. Ó rí búrẹ́dì wẹ́wẹ́, ó rí ife tíì lórí ilẹ̀, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀ tó pọ́n. Ó tún rí bébà tó kọ lọ́jọ́rú, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tó. Ẹnu rẹ̀ yá ju méjèèjì lọ.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ kú, èmi ni wọ́n ń sin láti ọjọ́ Ajé."

Ẹ̀rín ta lẹ́nu obìnrin náà kó tó lè dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá tábìlì, bírò mẹ́ta já bọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí lé apá, èjìká rẹ̀ sì ń mì, Olóògbé kò sì mọ ìgbà tí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Lẹ́yìn gíláàsì, Ìyá Ìbejì ti dìde dúró, ó ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rí Ọ̀gá báyìí rí.

Olóògbé ṣa àwọn bírò náà. Ó gbé àga rẹ̀ yí tábìlì ká, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Ọ̀gá, ó sì jókòó.

"Wọ́n ní ó máa ń fúyẹ́," ló wí nígbà tó yá. "Mo bi wọ́n fún yín. Wọ́n máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láti aago mẹ́wàá. Èmi náà ń lọ, torí ó ti ń rẹ èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ buwọ́ lù kì í ṣe irọ́ pátápátá."

Ọ̀gá nu ojú. Àtíkè rẹ̀ ti di ọ̀nà méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀? Gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ?"

"Wọ́n á kọ ọ́, mà." Olóògbé ka fọ́ọ̀mù náà sí méjì, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Àmọ́ wọn kì í lo fọ́tò."